Owó Àlejò, Ọwọ́ Ta Ló Ń Bọ́ Sí?

Nígbàkúùgbà tí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá ti ń súnmọ́ tòsí, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń kún inú lẹ́tà tí ń wọlé sí abala yìí: ibo ni kí a kó àwọn ọmọ lọ? Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Houston àti Atlanta ló ń béèrè jù, nítorí pé ibi tí wọ́n wà kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké tó wà láàárín Mẹ́síkò àti Gúúsù Amẹ́ríkà. Costa Rica ni wọ́n sì sábà máa ń dárúkọ. Wọ́n ti gbọ́ pé ilẹ̀ náà kò ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun láti ọdún 1948. Wọ́n ti rí àwòrán igbó rẹ̀. Wọ́n sì ti gbọ́ pé ìrìn-àjò afẹ́ tí kì í ba ilẹ̀ jẹ́ ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń yangàn.

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ “tí kì í ba ilẹ̀ jẹ́” yìí ti di aṣọ tí ẹnikẹ́ni lè rà wọ̀. Ilé ìtura tó gbin òdòdó mẹ́ta síwájú ìta náà ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè ni èmi náà máa ń fi dáhùn ìbéèrè: owó tí ẹ fẹ́ ná yìí, ọwọ́ ta ni yóò bọ́ sí? Ta ló sì ń mú kọ́kọ́rọ́ ibi tí ẹ ń lọ lọ́wọ́? Ìlú kékeré kan wà ní etíkun ìlà-oòrùn Costa Rica, Cahuita ni orúkọ rẹ̀, tó bá ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ yìí títí tí ìjọba fi gbà fún un. Mo lo ọjọ́ márùn-ún níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ìjọba ilẹ̀ náà ní ibi tí ìyìn ti tọ́ sí i. Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n ti gé igbó Costa Rica débi pé bí ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ náà ni igbó ṣẹ́kù sí; pápá màlúù ló gba ìyókù. Ní ọdún 1996 ni òfin igbó tuntun jáde. Òfin yìí ní kí a máa san owó fún onílẹ̀ tó bá fi igbó rẹ̀ sílẹ̀ láìgé, kí a sì máa yọ lára owó náà láti inú owó orí epo ọkọ̀. Lónìí, igbó ti padà bo ju ìdajì ilẹ̀ náà lọ. Ní ọdún 1997 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ilé ìtura ní ìwé ẹ̀rí ní ìbámu pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń lo omi, iná àti ilẹ̀. Ní ọdún 2009, ilé aṣòfin ṣe òfin mìíràn láti ti ìrìn-àjò afẹ́ tí àwọn ará abúlé fúnra wọn ń darí lẹ́yìn. Orílẹ̀-èdè tó ń ronú ni.

Síbẹ̀, lọ sí Guanacaste ní ìwọ̀-oòrùn, níbi tí àwọn ilé ìtura ràgàjì gbé tò sí etí òkun. Àlejò ti sanwó oúnjẹ, ohun mímu àti ibùsùn pọ̀ kó tó kúrò nílé. Ó lè dé kó sì padà láìra ẹyọ ọsàn kan lọ́wọ́ ìyá tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà. Ní ọdún 2008, àwọn ará Sardinal ní ẹkùn náà dìde, wọ́n ní àwọn kò gbà kí a fi ọ̀pá fa omi abẹ́ ilẹ̀ àwọn lọ sí àwọn ilé ìgbafẹ́ tí a ń kọ́ sí etíkun, nígbà tí kò dá àwọn lójú pé omi náà yóò tó àwọn mu. Nítorí náà, ìwé ẹ̀rí nìkan kò tó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí omi ń wọ́n.

Ó di Cahuita. Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ láti San José, a gun òkè, a sọ̀kalẹ̀, a gba Limón kọjá, a sì ń tọ etí òkun lọ sí ìhà gúúsù. Bí mo ti sọ̀kalẹ̀ ni mo ti gbọ́ èdè tó fa etí mi. Àwọn àgbà ibẹ̀ ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì tiwọn, èyí tí wọ́n ń pè ní mekatelyu. Bí ẹ bá fetí sí orúkọ náà dáadáa, “jẹ́ kí n sọ fún ọ” ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n. Láti Jàmáíkà àti àwọn erékùṣù mìíràn ni ọ̀pọ̀ baba ńlá wọn ti wá, àwọn kan láti wá la ọ̀nà rélùwéè tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1871 tó sì parí ní 1890, àwọn mìíràn láti ṣiṣẹ́ nínú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n Cahuita ti wà kí rélùwéè tó dé. Àwọn àgbà ibẹ̀ sọ pé William Smith, ọdẹ ìjàpá òkun tó ń tukọ̀ wá láti Bocas del Toro ní Panama, ló kọ́kọ́ tẹ̀dó sí ṣóńṣó ilẹ̀ tó yọ sínú òkun, ní 1828. Wọ́n tún ń sọ pé ní nǹkan bí ọdún 1914, ọkọ̀ ojú omi tó gbé Ààrẹ Alfredo González Flores rì ní àdúgbò wọn, wọ́n yọ ọ́ nínú ewu, òun náà sì fi ìmoore ra ilẹ̀ tí ìlú wà lórí rẹ̀ báyìí fún wọn.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ṣóńṣó ilẹ̀ yẹn sọ́kàn o, nítorí pé inú ọgbà ìjọba ló bọ́ sí lónìí.

Kí n tó débẹ̀, ẹ gbà mí láyè kí n ya sí ilé ìdáná díẹ̀. Abala ìdílé kò gbọdọ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ láìyà. Ìrẹsì òun ẹ̀wà tí wọ́n fi wàrà àgbọn sè ni oúnjẹ ọjọ́ Àìkú wọn. Wọ́n ní ọbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní rondón: ẹja, iṣu, pákí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a jọ sè pọ̀ nínú wàrà àgbọn. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi dìde lórí àga ni èso pupa kan tó là sí mẹ́ta, tó ní hóró dúdú bíi kóró ojú, tí wọ́n ń sè pẹ̀lú ẹja oníyọ̀. Ackee ni wọ́n ń pè é. Iṣin wa ni! Láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni igi náà ti dé Jàmáíkà ní àsìkò òwò ẹrú, láti Jàmáíkà ló sì ti dé Limón. Ìyá tó ń sè é kìlọ̀ fún mi pé a kì í fi ọwọ́ la èso náà, pé ó gbọ́dọ̀ là fúnra rẹ̀ lórí igi kí a tó jẹ ẹ́. Mo sọ fún un pé, “Ẹ ṣeun, màmá, bí ìyá tèmi náà ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn.”

Ní ọdún 1970, ìjọba kéde pé ilẹ̀ ṣóńṣó náà àti òkìtì iyùn tó wà nínú òkun níwájú rẹ̀ ti di ohun àmúyangàn tí ìjọba yóò máa dáàbò bò. Ní 1978 wọ́n sọ ọ́ di ọgbà orílẹ̀-èdè. Ilẹ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní 1,000 hẹ́kítà, òkun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì fẹ̀ ju ìyẹn lọ ní ogún ìlọ́po. Ohun tó dára ni fún iyùn. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ní oko kòkó àti igi àgbọn sórí ilẹ̀ náà, wọ́n sì ń pa ẹja nínú òkun náà. Lójijì, ibi tí bàbá ń ro tí ọmọ ń ro wá di ibi tí ẹ̀ṣọ́ igbó ń dúró sí.

Àfi bí ẹni pé ìyẹn kò tó, àrùn wọ inú kòkó. Monilia ni orúkọ àrùn náà. Yóò bo ara èso bí ìyẹ̀fun, inú rẹ̀ yóò sì jẹrà. Láàárín ọdún díẹ̀, ní ìparí àwọn ọdún 1970, kòkó gbogbo etíkun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn tàbí Oǹdó wá kò nílò àlàyé. Irúgbìn kòkó tí àwọn bàbá wa fi rán ọmọ lọ sí ilé ìwé, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí náà ló ti wá, àrùn yìí kò sì tíì débi tiwa. Ẹ ro ó wò bó bá jẹ́ pé ó dé Oǹdó, tó pa gbogbo oko láàárín ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn tí ìjọba ti gba ìlàjì ilẹ̀. Ohun tí Cahuita rí gan-an nìyẹn. Ilẹ̀ lọ, kòkó lọ. Àlejò nìkan ló kù tó ń wọlé, nítorí pé ọ̀nà mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 kan náà. Àwọn obìnrin yí yàrá ọmọ tó ti lọ sí San José padà sí yàrá àlejò. Àwọn apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ wọn gbé ènìyàn lọ wo iyùn. Nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1991 gbé apá kan etíkun Limón sókè débi pé iyùn yọ sí afẹ́fẹ́ tó sì kú, wọ́n fara da ìyẹn náà.

Wàyí o, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1994, ìjọba kéde láti San José pé owó ìwọlé sí ọgbà orílẹ̀-èdè fún àjèjì, tó ń jẹ́ dọ́là kan àti díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti di dọ́là 15. Ní ibòmíràn, ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn lásán ni. Ní Cahuita, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, nítorí pé ọ̀dọ́ tí kò lówó púpọ̀, tó gbé àpò sẹ́yìn, ni àlejò wọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní san dọ́là 15 kó tó wẹ̀ nínú òkun. Àwọn ará ìlú kò dáná sun ohunkóhun, wọn kò sì lu ẹnikẹ́ni. Wọ́n lọ sí ẹnu ọ̀nà ọgbà tó wà ní ìparí ìgboro wọn, wọ́n gba ibẹ̀, wọ́n sì ní kí àlejò máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹni tó bá ní nǹkan fi sínú àpótí.

Ìbá rọrùn fún ìjọba láti kó ọlọ́pàá lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, ohun tó sì ti ibẹ̀ jáde kò wọ́pọ̀ rárá ní ilẹ̀ náà: ìgbìmọ̀ kan tí aṣojú ìlú àti aṣojú ìjọba jọ wà nínú rẹ̀, tí wọ́n jọ ń darí ọgbà. Ẹnu ọ̀nà méjì ni ọgbà ní. Ní èyí tó wà ní Puerto Vargas, iye tí ìjọba dá ni à ń san. Ní èyí tó wà nínú ìlú, ní Playa Blanca, ọrẹ àtinúwá ni wọ́n fi dá a sílẹ̀: ẹ kọ orúkọ yín sínú ìwé, ẹ fi ohun tí ọkàn yín bá fẹ́ sílẹ̀, ẹ sì wọlé. Owó náà ni wọ́n fi ń san owó àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà, tí wọ́n fi ń tún afárá pákó orí irà ṣe.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí mo fẹ́ mọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fipá gbowó lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjá. Ọ̀pọ̀ ló fi nǹkan sílẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ kò wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni; ohun tí ó ń yẹ̀ wò ni bóyá àlejò gbé oúnjẹ tàbí ike dání, nítorí pé àwọn ọ̀bọ inú ọgbà náà ti kọ́ olè jíjà. Mo bi í pé ṣé kò dùn ún bí àlejò bá kọjá láìfi nǹkan sílẹ̀. Ó ní, “Kò burú. Ó ṣì máa jẹun nílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin.” Ìṣírò ọrọ̀ ajé tó péye ni, bí ẹ bá rò ó dáadáa.

Nínú ọgbà, ojú ọ̀nà kan tó gùn tó kìlómítà mẹ́jọ gba ẹ̀bá òkun kọjá. Àwọn ọmọdé yóò fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀bọ kan wà tó ń bú ramúramù láàárọ̀ bíi pé ẹkùn ló dé. Ẹranko mìíràn sì wà tó ń fà lórí igi bíi pé wọ́n fi ipá rán an níṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní “ọ̀lẹ” gan-an lédè Sípéènì. Láìsí afinimọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ òkun lọ wo iyùn níbẹ̀. Mo fara mọ́ òfin yẹn tọkàntọkàn: ẹsẹ̀ àlejò kan tó bá tẹ iyùn mọ́lẹ̀ lè fọ́ ohun tó gba ọ̀pọ̀ ọdún láti hù, afinimọ̀nà náà sì jẹ́ ọmọ apẹja tó ṣeé ṣe kí òkun yìí máà tún fún ní iṣẹ́ mìíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń kọ oríkì. Ọgbà lè wà lábẹ́ ọwọ́ ìlú, kí odò tó ń ṣàn sínú òkun rẹ̀ máà sí lábẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹrẹ̀ tó ń wá láti àwọn oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti igbó tí a gé lókè odò ti ń bo iyùn náà láti ọjọ́ pípẹ́, àpótí ọrẹ kò sì lè dá ẹrẹ̀ dúró. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà kò tíì parí. Òfin etíkun ti ọdún 1977 sọ pé 200 mítà láti etí omi kì í ṣe ti ẹnì kan: 50 mítà àkọ́kọ́ jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ìyókù sì di ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ lè yá ènìyàn. Òfin tó dára ni lójú ẹni tó ń gbé San José. Lójú ìdílé aláwọ̀ dúdú tí baba ńlá wọn kọ́ ilé sétí omi kí òfin tó wà, òfin náà ni ó sọ wọ́n di àtìpó lórí ilẹ̀ ara wọn, nígbà tí olówó láti òkè òkun ń ra ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn wọn ní iye tí ọmọ ìlú kò lè ná. Bí mo bá gba yàrá lọ́wọ́ ẹni tó ń jà fún ilẹ̀ rẹ̀, owó mi ń ràn án lọ́wọ́ láti dúró. Bí mo bá gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń dúró kí ó lọ, owó mi ń tì í jáde. Kò sí bí àlejò ṣe lè wà láàárín.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àlejò máa ń gbé lọ, tí kì í ṣe owó. Walter Ferguson, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Gavitt, olórin calypso tó gbé Cahuita títí ó fi dágbére fáyé ní 2023, lẹ́ni ọdún 103, a máa kọrin sínú kásẹ́ẹ̀tì fún àlejò tó bá béèrè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbà wọ́n sílẹ̀, kò ní ẹ̀dà. Àlejò á sanwó, á gbé kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ. Nígbà tó yá ni àwọn tó fẹ́ràn orin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà káàkiri ayé, nítorí pé àwọn orin kan kò sí níbòmíràn mọ́ àfi nínú àpótí ẹnì kan tó ti lo ìsinmi níbẹ̀ nígbà kan rí. Owó náà dé ọwọ́ rẹ̀ tààrà, ìyẹn dára. Orin náà ni kò padà wálé tán.

Ẹni tó bá ní ọjọ́ kan tàbí méjì lé lórí lè lọ sí Yorkín, lọ́dọ̀ àwọn Bribri, ẹ̀yà tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ọkọ̀ ojú omi gígùn ni yóò gbé yín gun odò tó ya Costa Rica sọ́tọ̀ kúrò lára Panama. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tí ń jẹ́ Stibrawpa ló ń gba àlejò níbẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀ kí iṣẹ́ lè wà nílé, kí àwọn ọkùnrin má baà máa lọ fi ara wọn gba oògùn apakòkòrò nínú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìdílé ìyá ni Bribri ń tẹ̀lé, nínú ìtàn wọn sì ni igi kòkó ti jẹ́ obìnrin rí, nítorí náà obìnrin nìkan ló ń po kòkó ti ayẹyẹ. Wọ́n yan án, wọ́n lọ̀ ọ́ lórí òkúta, wọ́n fún mi ní igbá kan. Kò ní ṣúgà. Mo ti ń jẹ owó kòkó láti kékeré. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mu kòkó gidi.

Fún àwọn tó bá fẹ́ lọ: ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà apọ́njú ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wọlé, ẹ gbà á ṣáájú, ọ̀rọ̀ físà, ẹ bi ilé iṣẹ́ aṣojú wọn léèrè kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá fẹ́ wo ìjàpá òkun tó ń yé ẹyin lóru ní Tortuguero, ní àríwá etíkun kan náà, afinimọ̀nà ni yóò mú yín lọ, kò sì sí tọ́ọ̀ṣì, kò sí fọ́tò, ẹ ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ láti ilé. Ẹ má ṣe gba ibùsùn kankan ṣáájú kí ẹ tó béèrè ẹni tó ni ilé náà àti ibi tí ó ń gbé. Ẹ ṣẹ́ owó kọlọ́nù kéékèèké fún àpótí ẹnu ọ̀nà. Oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, tí òjò ń rọ̀ ní apá yòókù orílẹ̀-èdè náà, ni òkun Cahuita máa ń parọ́rọ́ jù, tí omi sì máa ń mọ́ tó láti rí iyùn tó ṣẹ́kù.